Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ Kò Tíì Wọ Inú Géèmù

Bí ẹ bá rí àwọn ọmọ LAUTECH mẹ́fà tí wọ́n kórí jọ lé fóònù kan ní Adénìkẹ́, tí wọ́n ń pariwo bí ẹni pé Arsenal ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá góòlù wọlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pè wọ́n ní Yahoo. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fídíò ìṣẹ́jú mélòó kan ni wọ́n ń wò, fídíò géèmù tí kò tíì jáde, tí kò sì ní jáde kíákíá. Lọ́jọ́ tó bá sì jáde, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní lówó tí wọ́n máa fi rà á. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí pé iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n máa ń dúró sí.

Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń jẹun láti ìgbà tí mo ti gba fíríìdọ́ọ̀mù. Láptọ́ọ̀pù ni mò ń tún ṣe. Pádì géèmù tó bá ń rìn fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá. Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí mo gbé tẹlifíṣọ̀n àti PS4 sí. Bọ́ọ̀lù ló ń san owó iná yàrá náà. Ẹni méjì á jókòó, wọ́n á gbá a, ẹni tí wọ́n bá nà ni yóò sanwó, ẹlòmíràn á sì gba pádì lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí rèé tí àwọn yàrá géèmù láti Tákíè dé Under G fi di ilé bọ́ọ̀lù. Irú géèmù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kò lè gbé irú ilé bẹ́ẹ̀, torí ó lè gba ọgọ́rùn-ún wákàtí kí ẹnì kan ṣoṣo tó rí òpin rẹ̀. Ta ni yóò dúró ti ta kó tó gba pádì? Nínú láptọ́ọ̀pù ni àwọn ọmọ ti ń ṣe é, nínú yàrá wọn, lóru, bí wọ́n bá mú iná wá.

RPG (role-playing game) ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Amẹ́ríkà méjì, Gary Gygax àti Dave Arneson, ló gbé èyí tó jẹ́ bàbá gbogbo wọn jáde lọ́dún 1974. Dungeons & Dragons lorúkọ rẹ̀, kò sì sí kọ̀ǹpútà nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Orí tábìlì ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹnì kan á máa sọ ìtàn, àwọn tó kù á mú ipò: ìwọ ni ọdẹ, èmi ni olóògùn, lágbájá ni olè. Bí ọdẹ bá ta ọfà, wọ́n á ju dáìsì kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ó bà á. Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ ìtàn. Nínú ẹ̀yà oníjà, èyí tí àwọn ọmọ wa fẹ́ràn jù, wọ́n ti ju dáìsì nù. Ìka ọwọ́ rẹ ni yóò gbà ọ́: bí ọ̀tá bá gbé idà sókè, tí o kò sì tètè yẹ̀ ẹ́, o kú nìyẹn.

Ẹni tó bá ń ṣe é ló di akọni. Kò ní nǹkan kan níbẹ̀rẹ̀, bóyá kùmọ̀ lásán. Á pa ohun kékeré, á rí agbára díẹ̀ sí i. Á rí asà he, á kọ́ ọfọ̀ kan, á pàdé àwọn èèyàn tí yóò yàn bóyá kí òun ràn wọ́n lọ́wọ́ tàbí kí òun kọjá lọ. Ohun tó bá sì yàn á máa tẹ̀ lé e. Níkẹyìn, ó dojú kọ ọ̀tá ńlá kan tó ti pa á lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì rí i pé ọwọ́ òun ti yá ju ti àtijọ́ lọ. Adùn rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì kú sọ́wọ́ ọ̀tá kan náà láti aago mẹ́wàá alẹ́ di aago méjì òru kò lè mọ bó ṣe ń rí.

Bàbá kan tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wá bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà, kí ni àwọn ọmọ yìí ń retí bí ẹni ń retí èsì JAMB?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ rántí Ògúnlọlá."

Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ń dàrú. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn ìlú wọn fún wọn. Ọdẹ ni Ògúnlọlá, ó wá tẹ̀dó sídìí igi àjàgbọn. Ẹjọ́ kan gbé e dé Ọ̀yọ́-Ilé, Aláàfin sì fi í sí àhámọ́. Lásìkò yẹn, jagunjagun kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ń da Ọ̀yọ́ láàmú, apá àwọn ológun kò ká a. Ẹni tó wà ní àhámọ́ ló ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ bá a. Ó lọ. Ó fi ọfà mú Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, ó gé orí rẹ̀, ó sì gbé e wá fún Aláàfin. Ọba ní kó dúró lọ́dọ̀ òun, ó ní rárá, ẹ jẹ́ kí òun padà síbi tí òun ti wá. Mo ní, "Bàbá, géèmù gan-an nìyẹn." Skyrim tó jáde lọ́dún 2011, tí gbogbo ayé ṣì ń ṣe títí di òní, ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n ń gbé lọ síbi tí wọ́n máa ti bẹ́ ẹ lórí ni akọni rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ìtàn. Àwọn tó ṣe é kò gbọ́ orúkọ Ògúnlọlá rí.

Bàbá kò tilẹ̀ gbọ́ ti Skyrim. Ohun tó dùn wọ́n ni bí mo ṣe sọ ìtàn. "Ọmọ Ọ̀yọ́ ni ẹ́, o ò lè mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́ nílé tiwa." Wọ́n fi máṣíìnì sílẹ̀, wọ́n fi ìwọ̀n aṣọ ṣe ọfà, wọ́n dúró sójú títì, wọ́n sì fi hàn mí bí Ògúnlọlá ṣe lúgọ àti ìgbà tó yìn ín. Àwọn ọmọ tó wà lórí fóònù gbójú sókè. Mo máa padà sórí ọ̀rọ̀ Bàbá yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń retí. Ilé-iṣẹ́ kan á gbé tírélà jáde (kì í ṣe èyí tó ń kó sìmẹ́ńtì gba Tákíè kọjá o), fídíò kúkúrú tó ń fi géèmù hàn. Láti ọjọ́ yẹn, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ á dá fídíò náà dúró ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú: irú idà wo nìyẹn, ta ni obìnrin tó dúró lẹ́yìn òjò yẹn? Wọ́n á jiyàn dóru. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ ìjáde, lẹ́yìn ọjọ́ ìjáde ni ìsúnsíwájú. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti ọdún tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀nà tuntun ibẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìsúnsíwájú fún un.

Èyí tí ìretí rẹ̀ dùn jù tí mo tíì rí ni Black Myth: Wukong. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹjọ ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ kan ní Ṣáínà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀, Game Science, gbé fídíò rẹ̀ síta. Ọ̀bọ tó ní ọ̀pá idán ni akọni rẹ̀, Sun Wukong inú ìwé Journey to the West, ìtàn tí àwọn ará Ṣáínà ti ń kà láti bí irinwó ọdún ó lé. Ọdún mẹ́rin gbáko, ní ogúnjọ́ oṣù kẹjọ ọdún 2024, géèmù náà jáde. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ó ti tà ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Àwọn ọmọ tó ń jẹ àmàlà ní Under G bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn ẹ̀mí àìrí orí òkè Ṣáínà bí ẹni ń ka orúkọ àwọn ará àdúgbò.

Ṣùgbọ́n báwo ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa? Iye Wukong jẹ́ nǹkan bí 60 dọ́là. Bí dọ́là kan bá jẹ́ ₦1,500, ₦90,000 nìyẹn. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba ní òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbà, láti ọdún 2024, ₦70,000 ni. Àwọn géèmù PS5 tuntun tó jẹ́ 70 dọ́là tilẹ̀ wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Steam, ọjà íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ra ti kọ̀ǹpútà, kò ní náírà lára owó tó ń gbà. PlayStation kò ka Nàìjíríà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ṣí ọjà rẹ̀ fún. Àkántì Amẹ́ríkà tàbí ti ìlú òyìnbó mìíràn ni àwọn èèyàn wa ń ṣí, wọ́n á wá ra káàdì owó sí i. A wà nínú ayé géèmù, ṣùgbọ́n wọn ò kọ orúkọ wa sílẹ̀.

Ká wá ní owó wà. Wukong fẹ́ 130 gíìgì àyè nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ fi ojú dátà wò ó, pàápàá láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí NCC, àjọ tó ń mójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, ti gbà kí wọ́n fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà, títí dé ìdajì iye tó wà tẹ́lẹ̀. Ó tún fẹ́ 16 gíìgì RAM, nígbà tó jẹ́ pé nínú láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ mẹ́wàá tí wọ́n bá gbé wá sórí tábìlì mi, mẹ́rin tàbí mẹ́jọ ló máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Iná ńkọ́? Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó ń rí iná jù, kúrò ní ₦68 lọ sí ₦225 fún yúníìtì kan. Ẹni tí kò sí ní Band A ń bá jẹnẹrétọ̀ ṣeré.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀, tí kò sí ìdí tí mo fi máa fi pamọ́, ni pé ẹnì kan á gbé e wá láti Ìbàdàn tàbí Ìkẹjà nínú háàdì dísìkì, wọ́n á sì kọ́pì rẹ̀ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Kì í ṣe ohun tí a fi ń yangàn. Àwọn tó ṣe géèmù ṣiṣẹ́, ó yẹ kí wọ́n jẹun. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ kí n dá àwọn ọmọ yìí lẹ́bi kó kọ́kọ́ fi hàn mí ibi tí ẹni tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti lè fi náírà ra géèmù náà ní iye tí apá rẹ̀ ká. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ rí kọ́pì ṣe. Fídíò ẹni tó ń ṣe é nílẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ń wò títí tí ìtàn fi parí. Wọ́n mọ géèmù tí ọwọ́ wọn kò kàn rí ju ẹni tó rà á lọ.

Èyí tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ báyìí ni The Witcher IV. Ilé-iṣẹ́ CD Projekt ní Poland ló ń ṣe é. Inú ìtàn tí òǹkọ̀wé Andrzej Sapkowski bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lọ́dún 1986 ni wọ́n ti mú un: ọkùnrin tó ń gbowó láti pa àwọn iwin àti ẹranko abàmì inú ìtàn àtẹnudẹ́nu ilẹ̀ wọn. Apá kẹta rẹ̀ tó jáde lọ́dún 2015 ti tà ju 50 mílíọ̀nù lọ. Tírélà ti apá kẹrin jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2024, Ciri, ọmọbìnrin tí akọni àtijọ́ tọ́ dàgbà, ló di akọni báyìí. Ó lé ní 400 èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà sì ti sọ pé kò ní jáde kí ọdún 2026 tó parí.

Fún ẹ̀yin àgbà tó ń rò pé eré ọmọdé lásán ni: nígbà tí Obama lọ sí Poland lọ́dún 2011, olórí ìjọba ibẹ̀, Donald Tusk, fún un ní ẹ̀bùn. Géèmù Witcher apá kejì wà nínú ohun tó fún un. Bí àlejò ńlá bá wá sí Nàìjíríà, aṣọ òkè la máa gbé fún un, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará Poland gbé iwin inú igbó wọn fún ààrẹ Amẹ́ríkà, ojú kò tì wọ́n.

Ìmọ̀ràn mi fún àwọn ọmọ, tí mo sì máa ń sọ títí ó fi ń sú wọn, ni pé kí wọ́n má ṣe sanwó sílẹ̀ fún géèmù tí kò tíì jáde. CD Projekt yìí kan náà ló ṣe Cyberpunk 2077. Wọ́n fi fídíò rẹ̀ hàn lọ́dún 2013. Wọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 2020 ló ń bọ̀, wọ́n sún un sí oṣù kẹsàn-án, wọ́n sún un sí oṣù kọkànlá, ó jáde ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kejìlá. Mílíọ̀nù mẹ́jọ èèyàn ti sanwó sílẹ̀. Lórí PS4, kò ṣeé rí sójú: èèyàn á máa rìn nínú afẹ́fẹ́, géèmù á kàn pa ara rẹ̀. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí Sony fi yọ ọ́ kúrò nínú ọjà rẹ̀, tó sì ní kí àwọn tó rà á wá gba owó wọn. Oṣù kẹfà ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó dá a padà. Wọ́n tún un ṣe lóòótọ́, ó ti dára gan-an báyìí. Ẹni tó dúró ló gbádùn rẹ̀, ẹni tó kánjú ló sanwó ìdánwò. Nítorí náà, àìlówó wa ní èrè díẹ̀ nínú.

Mo ti ń yí kiri. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn gan-an rèé: àwọn ará Ṣáínà mú ọ̀bọ wọn, àwọn ará Poland mú iwin wọn. Èwo ni tiwa?

Ilẹ̀ Áfíríkà ti gbìyànjú. Ní Yaoundé, Olivier Madiba àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Kiro'o Games, ṣe Aurion: Legacy of the Kori-Odan, géèmù RPG oníjà tí ọba àti ayaba adúláwọ̀ jẹ́ akọni rẹ̀. Owó tí àwọn èèyàn dá fún wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2015 wà lára ohun tí wọ́n fi parí rẹ̀, ó sì jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2016. Kámẹ́rúùnù nìyẹn, ilé ẹnìkejì wa. Lọ́dún 2024, Abubakar Salim, òṣèré tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Kẹ́ńyà, gbé Tales of Kenzera: ZAU jáde láti inú ìtàn àwọn Bantu, ó sì fi ṣọ̀fọ̀ bàbá rẹ̀. Lọ́dún kan náà, Maliyo Games ní Èkó bá Disney ṣe Iwájú: Rising Chef. Oúnjẹ ni a ń sè nínú ìyẹn. N kò bínú sí oúnjẹ o, ṣùgbọ́n kì í ṣe orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ la gé níbẹ̀.

Yorùbá náà ti wọ inú géèmù òyìnbó, bí mo bá sì ń ṣàlàyé èyí fún màmá mi ní Ọ̀yọ́, ọwọ́ ni wọ́n ń fi borí. Àwọn ará Amẹ́ríkà kan, Hi-Rez, ní géèmù tí wọ́n ń pè ní SMITE, níbi tí àwọn òrìṣà oríṣiríṣi ayé ti ń bára wọn jà. Wọ́n mú Yemọja sí i, kò burú. Wọ́n tún mú Ọlọ́run. Ọlọ́run fúnra rẹ̀! Wọ́n ní kó máa bá Zeus àwọn ará Gíríìsì jìjàkadì, bí ọwọ́ ọmọ kékeré kan bá sì lọ́ra lórí pádì, wọ́n á na Ọlọ́run. Kò sí ọmọ Yorùbá tó mọ ilé tí yóò dá irú àbá bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn nígbà tí àwa tí a ni ín kò bá sí nídìí iṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òfin géèmù wà nínú ìtàn Ọ̀yọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní láti hùmọ̀. Samuel Johnson, pásítọ̀ tó gbé Ọ̀yọ́, tó sì parí ìwé ìtàn rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1897, kọ ọ́ pé 201 gbẹ́rẹ́ ni wọ́n ń sín sí orí Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, olórí ogun Ọ̀yọ́, oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n ń fi ra ojú gbẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni Ààrẹ gbọ́dọ̀ jagun, níbi tí ọba bá rán an lọ, kó ṣẹ́gun kó padà tàbí kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹni tó ń ṣe géèmù mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: agbára tí ń pọ̀ sí i ní gbẹ́rẹ́-gbẹ́rẹ́, iṣẹ́ tó ní gbèdéke, ikú tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ògbómọ̀ṣọ́ ti bí Kakaǹfò: Tòyèjẹ láyé ogun, Akíntọ́lá láyé ìṣèlú. Ẹni tó bá ń wá bí apata àti aṣọ ogun ṣe máa rí, kó lọ wo ọwọ́ àwọn tó ń fín igbá àti àwọn tó ń ṣe awọ ní Ọ̀yọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Ṣàngó ṣe máa jó wọ ojú ogun, kó lọ síbi ọdún Ṣàngó tí UNESCO kọ sínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 2023. Ìlù dùndún lásán tó láti jẹ́ ọ̀nà tí akọni fi ń gbọ́ pé ọ̀tá ń bọ̀ láti ẹ̀yìn.

Àwọn ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà wà ní LAUTECH, mo mọ̀ wọ́n, èmi ni mò ń tún láptọ́ọ̀pù wọn ṣe. Mo ti rí wọn tí wọ́n ń ya àwòrán èèyàn, tí wọ́n ń kọ kóòdù, tí wọ́n ń ṣe ohùn. Kì í ṣe 400 èèyàn ni wọ́n, owó Poland kò sì sí lọ́wọ́ wọn. Kò pọn dandan kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ga tó bẹ́ẹ̀. Fóònù ni kí wọ́n ṣe é sí, torí fóònù ló wà lọ́wọ́ gbogbo wa: ọdẹ kan, igbó kan, igi àjàgbọn kan, ọ̀tá kan. Kí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ pa wá títí ó fi máa sú wa. N óò fún géèmù bẹ́ẹ̀ ní tẹlifíṣọ̀n kan nínú yàrá mi lọ́fẹ̀ẹ́, bí bọ́ọ̀lù tilẹ̀ máa bínú.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní Ọ̀yọ́ ni mo fẹ́ bẹ̀ ní tiyín. Bàbá tó dúró sójú títì pẹ̀lú ìwọ̀n aṣọ yẹn mọ ohun tí kò sí nínú ìwé tí mo kà, ó sì dájú pé bàbá mìíràn ní Òkè-Àdó máa sọ ọ́ lọ́nà tó yàtọ̀. Géèmù nílò gbogbo rẹ̀: irú ọfà wo, ọfọ̀ wo, ta ló tọ́jú ọgbẹ́, kí ni ìyàwó ọdẹ ń ṣe nígbà tó wà ní àhámọ́. Ìwé Johnson gan-an, ọdún 1921 ló tó jáde, torí pé àkọ́kọ́ sọnù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ àbúrò rẹ̀, Obadiah, tó tún un kọ. Bí ọmọ kan tó wọ ṣòkòtò jíìnsì bá wá bá yín, tó kí yín, tó sì ní òun fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, ẹ má lé e. Ẹ ní kó jókòó, ẹ jẹ́ kó tan fóònù rẹ̀ kó gbà á sílẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ fún un bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nílé yín.